Títẹ Kọ́kọ́rọ́ Kékeré Bọ Inú Àpótí Onígi

Ìbéèrè (láti Ṣàgámù): Báwo ni wọ́n ṣe ń fi router (ẹ̀rọ ìgbẹ́gi) gbẹ́ ihò kọ́kọ́rọ́ sára àpótí tí kò fi ní fẹ̀ jù?

Ìdáhùn: Àwòṣe pílàìwúdù ló ń darí router. Òrùka irin tó yí ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà ká ló ń rìn létí àwòṣe, nítorí náà ojú àwòṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Bí òrùka bá fẹ̀ ní mìlímítà 16, tí ọ̀bẹ jẹ́ 6, ojú àwòṣe yóò fi mìlímítà 10 fẹ̀ ju kọ́kọ́rọ́ lọ, 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Àjákù igi ni kí káfíńtà kọ́kọ́ fi dán an wò. Ìrókò ń fẹ́ sùúrù gan-an: ìṣàn rẹ̀ lọ́ mọ́ra, ó sì máa ń ya bí ọ̀bẹ bá jẹ ẹ́ jìn lẹ́ẹ̀kan náà. Mìlímítà 2 tàbí 3 lẹ́ẹ̀kan tó. Ibi tí ikùn kọ́kọ́rọ́ yóò wọ̀ ló ń jìn. Ibi tí àwo idẹ rẹ̀ yóò jókòó kò gbọdọ̀ jìn ju bí idẹ náà ṣe nípọn lọ. Ṣísẹ́lì mímú ni wọ́n fi ń tún àwọn igun róbótó ṣe.

Níkẹyìn, wọ́n á fi àwo tí yóò wà lára ìdérí àpótí há ẹnu kọ́kọ́rọ́, wọ́n á fi yíǹkì kun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì pa ìdérí dé. Ibi tí yíǹkì bá tẹ̀ lára ìdérí ni wọ́n máa gbẹ́.