Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Lọ Ṣe Síkì ní Chamonix

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti London lọ sí Geneva, pé ibẹ̀ lẹ ó ti wọ mọ́tò lọ sí Chamonix ní ilẹ̀ Faransé. Inú mi dùn. Ìlú tó gbàlejò Òlíńpíìkì ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ní 1924 nìyẹn. Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ̀ títí wọ́n á fi débẹ̀: àwọn òkè síkì ibẹ̀ kò so pọ̀, àfi Brévent àti Flégère tí ọkọ̀ orí wáyà so pọ̀. Èyí tí ẹ bá mú láàárọ̀ lẹ máa bá yí dalẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú bọ́ọ̀sì lẹ ó ti lo ọjọ́ yín tán.

1. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ojú ọjọ́ kí ẹ tó dárúkọ òkè. Bí oòrùn bá ràn, ẹ lọ sí Brévent àti Flégère. Gúúsù ni wọ́n kọjú sí, Mont Blanc á sì wà ní ọ̀ọ́kán yín. Tó bá ti di oṣù kẹta, ẹ tètè jáde, torí lọ́sàn-án, oòrùn yẹn náà ló ń yọ́ yìnyín tí á fi máa wúwo mọ́ni lẹ́sẹ̀. Bí kùrukùru bá bolẹ̀ ńkọ́? Ẹ lọ sí Les Houches, igi pọ̀ níbẹ̀. Lórí òkè tí kò sígi, funfun ilẹ̀ àti funfun ojú ọ̀run á pa pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ ò ní rí gegele tó wà níwájú ẹsẹ̀ yín, ẹlòmíràn á ti dúró, á ṣì máa rò pé òun ń lọ. Igi dúdú ló ń jẹ́ kí ojú mọ ibi tílẹ̀ wà. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó, torí kì í ṣe gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ló kárí Les Houches.

2. Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú yín ni kó yan òkè. Ẹni tí kò gun síkì rí, ẹ mú un lọ sí La Vormaine ní Le Tour, tàbí Les Planards lẹ́bàá ìlú. Ẹ máa wo orúnkún rẹ̀. Bó bá ti ń gbọ̀n, tó sì ń fara sẹ́yìn, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó jókòó mu nǹkan gbígbóná.

3. Ní Faransé, ọ̀nà aláwọ̀ ewé ló rọrùn jù, lẹ́yìn náà búlúù, pupa, dúdú. Àárọ̀ tí yìnyín bá dì gbagidi, ẹ rẹ ara yín sílẹ̀ ní àwọ̀ kan.

4. Ẹ má tìtorí orúkọ lọ sí Grands Montets. Mo mọ̀ pé òun ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Àríwá ló kọjú sí, yìnyín rẹ̀ pẹ́ kó tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó dà gẹ̀rẹ́ gan-an. Ọ̀nà Vallée Blanche tilẹ̀ tún léwu ju ìyẹn lọ. Láti Aiguille du Midi, ní 3,842 mítà, ó tó nǹkan bí 20 kìlómítà, kò sí àmì ọ̀nà níbẹ̀, ihò jíjìn sì wà nínú yìnyín tí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ bò lójú. Láìsí amọ̀nà tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má débẹ̀.

5. Láràárọ̀, ẹ ka nọ́ńbà ewu yìnyín tó ń ya lulẹ̀, láti 1 dé 5. Ẹ má rò pé 3 wà láàárín, kò sí nǹkan. Ewu gidi ni. Ní ọjọ́ 9, oṣù kejì, 1999, yìnyín ya bo àwọn ilé ní Montroc, nítòsí Le Tour, ènìyàn 12 ló sì bá a lọ.

6. Ẹni tó wà níwájú ló ni ọ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ máa yà fún un.

7. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì. Wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gbé kúrò lójú ọ̀nà síkì.

8. Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti Flégère wá sí Les Praz, àti èyí tó ti Brévent wọ ìlú, dúdú ni méjèèjì, bí yìnyín bá sì kéré nísàlẹ̀, wọ́n lè tì wọ́n. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ wọ ọkọ̀ orí wáyà sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wo aago tí ọkọ̀ orí wáyà tó kẹ́yìn máa gbéra, kí olúkúlùkù yín sì kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀.