Ìsinmi ní Oko Tíì

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ó lè ya ni lẹ́nu pé ènìyàn fi ilé sílẹ̀ láti lọ sinmi ní oko, nítorí iṣẹ́ ni a mọ oko mọ́. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀ àlejò ń lọ sí Síríláńkà, erékùṣù tí ó wà ní ìhà gúúsù Índíà, tí a ń pè ní Sílónì títí di ọdún 1972, láti lọ gbádùn ara wọn láàárín oko tíì.

Nuwara Eliya ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ. Orí òkè ni ìlú náà wà, ó sì fi nǹkan bí 6,000 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ. Ooru etí òkun kò dé ibẹ̀; ní òwúrọ̀, kùrukùru a bo òkè, àlejò a sì wá aṣọ òtútù. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kandy lọ sí Ella yóò rí i bí ó ti ń rọra gun òkè, tí igi tíì sì tẹ́ lọ lọ́tùn-ún lósì bí ẹní tútù. Bí a bá fi igi tíì sílẹ̀, gíga ni yóò máa ga. Ènìyàn ni ó ń gé e kí ó má baà ga ju ìbàdí lọ.

Kọfí ni a kọ́kọ́ ń gbìn níbẹ̀. Ní ọdún 1867, James Taylor, ọmọ Scotland, gbin tíì sí ilẹ̀ 19 éékà ní Loolecondera. Ní ọdún 1869, àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé kọfí. Nígbà tí oko kọfí run, tíì ni àwọn olóko sá di.

Àlejò a máa wọ ilé iṣẹ́ tíì pẹ̀lú. Níbẹ̀ ni a ti ń sá ewé tútù kí ó rọ, tí ẹ̀rọ ń lọ́ ọ, tí a ń fi í sílẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, kí a tó fi ooru gbẹ ẹ, kí a sì jọ̀ ọ́. Ewé tútù 4 tàbí 5 kìlógíráàmù ni ó ń di tíì 1 kìlógíráàmù.

Ta ni ó ń já ewé náà? Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ọmọ Támílì, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn baba ńlá wọn wá láti gúúsù Índíà. Ọ̀mùnú kan àti ewé méjì ni wọ́n ń já lẹ́ẹ̀kan, lórí òkè tí ń yọ̀. Ní ọdún 1948 tí erékùṣù náà gba òmìnira, òfin kan kò ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sí ọmọ onílùú. Ó di ọdún 2003 kí òfin mìíràn tó fún àwọn tí ó ṣẹ́kù ní ẹ̀tọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé wọn ṣì ń gbé inú yàrá tóóró tí a kọ́ tò lọ bọọrọ.

Ẹwà tí àlejò ń wò, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Ìsinmi kò ní kí á di ojú. Ẹni tí ó bá ya àwòrán wọn láìkí wọn rí òkè, kò rí ènìyàn. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í kọjá lára ẹni tí ń ṣiṣẹ́ láìwí pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn Támílì, kí ó kí wọn ní èdè tiwọn pé, "Vanakkam."

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí àwọn olóko fi kọfí sílẹ̀?
2. Ṣe àlàyé bí ewé tútù ṣe ń di tíì.
3. "Ó rí òkè, kò rí ènìyàn." Kí ni ìtumọ̀ gbólóhùn yìí?