Ibo ni Ṣúgà Iyán Ń Lọ?
Ìyá oníṣu tó jókòó ní ọjà Arzèkè látàárọ̀, tó jẹ iyán lọ́sàn-án, ibo ni ṣúgà iyán náà ń lọ? Inú iṣan ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wọ̀. Ínsúlínì ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá tí a ò lò bá kún inú iṣan, ìlẹ̀kùn ò ní ṣí dáadáa mọ́. Ọ̀rá ikùn tún ń dá ìgbóná tí a kì í mọ̀ lára sílẹ̀ lábẹ́nú, òun náà ń ba iṣẹ́ ínsúlínì jẹ́. Ṣúgà á wá kù sínú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni àtọ̀gbẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà ò yọ sílẹ̀ o!

Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ṣúgà láìdúró de ínsúlínì. Ìyá, tẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ fi ọjà sílẹ̀ fún ọmọ, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó ń lo oògùn, ẹ má dá a dúró.