Ta Ní Ń Bu Iye Lé Òógùn Òṣìṣẹ́?

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé láàárọ̀, kí ẹ wo ẹni méjì: bíríkìlà tó ń to búlọ́ọ̀kù, àti lébírà tó ń po sìmẹ́ńtì, tó ń fi orí rù ú gun òkè. Bó bá jẹ́ òógùn la fi ń wọn owó, lébírà ni ì bá máa gba èyí tó pọ̀ jù. Síbẹ̀ bíríkìlà ló ń gbà jù ú lọ. Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ tú u wò, nítorí ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu kì í tó.

Ìdáhùn náà ni pé bíríkìlà kọ́ṣẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ó kù díẹ̀. Ẹni tó fi ọdún gbọọrọ kọ́ iṣẹ́ taípúráítà náà kọ́ṣẹ́, ta ló tún ń wá a lónìí? Iye àwọn tó lè ṣe iṣẹ́ kan àti iye àwọn tó ń wá irú wọn ni kí ẹ máa wò pọ̀. Bí kọngílá bá lé lébírà kan lọ láàárọ̀, òmíràn á ti dúró níwájú rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Bó bá lé bíríkìlà tó mọṣẹ́ lọ, ó lè wá òmíràn fún ọjọ́ mẹ́ta, ilé á sì dúró bẹ́ẹ̀. Kọngílá mọ̀ bẹ́ẹ̀, bíríkìlà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ owó tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí.

Owó iṣẹ́ ní ààlà lókè, ó sì ní ààlà nísàlẹ̀. Tòkè ni ohun tí iṣẹ́ náà ń mú wọlé fún ọ̀gá: bó bá ń san ju ìyẹn lọ, gbèsè ni yóò jẹ. Tìsàlẹ̀ ni ohun tí òṣìṣẹ́ lè rí níbòmíràn, ìbáà jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn, lóko bàbá rẹ̀ tàbí lórí ọ̀kadà. Bí wọn ò bá fún un tó ìyẹn, yóò bá tirẹ̀ lọ. Láàárín ààlà méjèèjì ni wọ́n ti ń dúnàádúrà, ọ̀dọ̀ ẹni tó bá sì lè kọ̀ kó sì máa lọ láìfara gbọgbẹ́ ni owó náà máa ń tẹ̀ sí. Ẹni tí kò tíì jẹun, tí owó ilé-ìwé ọmọ ń lé kiri, kò lè kọ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: ní 1348, àjàkálẹ̀ àrùn wọ ilẹ̀ England. Ó pa tó ìdá mẹ́ta àwọn ará ìlú. Àwọn òpìtàn mìíràn ní ó tó ìdajì. Ilẹ̀ oko kò dín, ọwọ́ tó ń ro ó ló dín. Àwọn alágbàṣe tó ṣẹ́kù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè owó tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọba Edward Kẹta pàṣẹ ní 1349, àwọn aṣòfin sì fi òfin tì í lẹ́yìn ní 1351, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà ju iye tí wọ́n ń san kí àrùn tó dé. Wọ́n mú ènìyàn, wọ́n gba owó ìtanràn. Owó iṣẹ́ ṣì ń gòkè, nítorí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ló ń yọ́ kẹ́lẹ́ fi owó fa alágbàṣe ara wọn.

Ẹnì kan lè wá sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, bí ìjọba bá fi òfin gbé owó iṣẹ́ sókè, àwọn ọ̀gá á kàn dín òṣìṣẹ́ kù ni. Ó dùn létí, àmọ́ sáyẹ́ǹsì kì í gba ohun tó dùn létí láìdán an wò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1992, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà gbé owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù láti dọ́là 4.25 sí 5.05. Pennsylvania tó múlé tì í kò yí tirẹ̀ padà. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, David Card àti Alan Krueger, bi àwọn ilé oúnjẹ 410 ní ìhà méjèèjì léèrè iye òṣìṣẹ́ wọn, ṣáájú òfin náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò rí i pé iṣẹ́ dín kù ní New Jersey. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde náà jáde ní 1994, àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ le gan-an. Àwọn mìíràn fi àkọsílẹ̀ owó oṣù tún un wò, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Card gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Krueger ti kú ní 2019.

Báwo ni owó á ṣe gòkè tí iṣẹ́ ò ní dín? Ẹ padà sí ààlà méjì yẹn. Níbi tí àwọn ọ̀gá kò bá pọ̀, tí ìrìn àjò lọ síbi iṣẹ́ mìíràn sì wọ́n, owó máa ń sún mọ́ ààlà ìsàlẹ̀. Òfin lè tì í sókè díẹ̀ láìkan ààlà òkè. Bó bá kọjá tòkè, iṣẹ́ á bọ́ lóòótọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè kọ̀, àmọ́ bí gbogbo wọn bá kọ̀ pọ̀, ọ̀gá ni ìnira á bá. Ìyẹn ni ìdí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi wà. Ní oṣù karùn-ún 1981, NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, tí Hassan Sunmonu jẹ́ ààrẹ rẹ̀ nígbà náà, daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, òfin sì jáde lọ́dún náà pé owó oṣù tó kéré jù gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦125. Lójú ẹni tó ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù tí òfin 2024 gbé kalẹ̀, ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n ní 1981, dọ́là kan kò tó náírà kan. ₦125 yẹn jẹ́ nǹkan bí 200 dọ́là. Nígbà tí wọ́n bu ọwọ́ lu ti 2024, ₦70,000 kò tó 50 dọ́là. Iye tí wọ́n kọ sórí ìwé owó oṣù kò tó láti fi mọ ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbà. Ohun tí owó náà lè rà ni kẹ́ ẹ wò.

Òfin owó oṣù tó kéré jù ti òde òní kò sì kan ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 25, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ irú wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ti ń jẹun: ṣọ́ọ̀bù télọ̀, búkà, ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Èyí dùn mí, nítorí àwọn tí kò lágbára láti kọ̀ gan-an ló yọ sílẹ̀. Lóòótọ́, àtúnṣe 2024 ní kí wọ́n máa yẹ owó náà wò lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta dípò márùn-ún. Ní tèmi, ó yẹ kí wọ́n so ó mọ́ iye oúnjẹ lọ́jà, kó máa yí padà lọ́dọọdún, láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tún gbọ́dọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ kí ìjọba tó dá wọn lóhùn.