Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Driver Mi Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Láptọ́ọ̀pù Àtijọ́, Ó Ń Kú Lórí Tuntun

ÌBÉÈRÈ

Mo ń kọ driver kan lórí Linux fún ẹ̀rọ kékeré tí mo kàn fúnra mi, tó ń wọn ooru ilé òròmọdìẹ bàbá wa ní Ọlọ́runṣògo níbí. Ètò tí mo fi ń darí rẹ̀ máa ń kọ ìwọ̀n ooru tí a fẹ́ sínú /dev/ooru, driver á sì kà á. Memcpy ni mo fi ń kó ohun tí ètò náà bá fi ránṣẹ́. Lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí mo fi kọ́ṣẹ́, kò sí wàhálà kankan. Nígbà tí mo gbé e sórí láptọ́ọ̀pù tuntun tí ẹ̀gbọ́n mi rà, "Killed" ni mo rí. Mo wo dmesg, ó kọ "supervisor read access in kernel mode" àti "permissions violation" síbẹ̀. Kọ́òdù kan náà ni o, mi ò yí lẹ́tà kan padà. Ṣé láptọ́ọ̀pù yẹn ló bàjẹ́ ni? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pa ohun kan tí wọ́n ń pè ní SMAP, pé gbogbo rẹ̀ á lọ geere. Ṣé kí n pa á?

Ọmọ Ọlọ́sìn-adìẹ, Ọlọ́runṣògo

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má pa SMAP. Láptọ́ọ̀pù tuntun yẹn ò bàjẹ́ rárá. Àṣìṣe tó ti wà nínú kọ́òdù rẹ láti ọjọ́ tí o ti kọ ọ́ ló tú àṣírí rẹ̀.

Ọdún 2014 ni Intel bẹ̀rẹ̀ sí fi SMAP sínú chip, lórí àwọn tí wọ́n pè ní Broadwell. Linux ti ṣe tirẹ̀ sílẹ̀ dè é láti ẹ̀yà 3.7, ní òpin ọdún 2012. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé, nígbà tí kernel bá ń ṣiṣẹ́, kò gbọdọ̀ ka mẹ́mórì ètò aráàlú, kò sì gbọdọ̀ kọ nǹkan sí i, àfi tó bá kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Copy_from_user, èyí tó yẹ kí o lò dípò memcpy, máa ń fi àṣẹ stac ṣí i, á kó ẹrù, á sì fi clac tì í padà. Memcpy ò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀kùn. Ó jọ pé chip inú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rẹ ti jáde ṣáájú Broadwell, ìdí nìyẹn tí memcpy fi ń kọjá láìsí ẹni tó bi í léèrè.

Ohun tó yẹ kó yé ọ ni ìdí tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn yẹn. Àdírẹ́ẹ̀sì tí ètò kan bá fún driver rẹ, ẹjọ́ ẹnu rẹ̀ lásán ni. Ètò lè parọ́. Ó lè fún ọ ní àdírẹ́ẹ̀sì tí kò sí, ó sì lè fún ọ ní àdírẹ́ẹ̀sì inú kernel gan-an. Ètò fúnra rẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan ibẹ̀, ṣùgbọ́n driver rẹ lẹ́tọ̀ọ́, nítorí inú kernel ló wà. Bí o bá tẹ̀ lé àdírẹ́ẹ̀sì náà láìwádìí, ìwọ lo bá a ṣe ohun tí wọ́n fi òfin dè é. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni driver ń kọ nǹkan sí àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fún un, ibi tí kernel kọ nọ́ńbà ẹni tó ni ètò náà sí ni ètò lè ní kí o kọ òdo sí, òdo sì ni nọ́ńbà root, ọ̀gá pátápátá orí ẹ̀rọ.

Àwọn àgbà náà ti ṣubú síbẹ̀. Ní ọdún 2013, wọ́n rí i pé get_user àti put_user ti Linux fúnra rẹ̀, tí kernel fi ń ka mẹ́mórì ètò tó sì fi ń kọ nǹkan sí i, lórí chip ARM, kò yẹ àdírẹ́ẹ̀sì wò nínú àwọn ẹ̀yà tó ṣáájú 3.5.5. Àwọn kan lo àlébù yìí láti kọlu fóònù Android lọ́dún náà. CVE-2013-6282 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ní 2017, Linux 4.13 jáde pẹ̀lú waitid tí wọ́n gbàgbé láti fi access_ok sí, àyẹ̀wò tó ń rí i pé àdírẹ́ẹ̀sì kì í ṣe ti inú kernel. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó sọnù ni.

Èyí tó kàn wá jù ni ti MediaTek, nítorí chip wọn ló wà nínú ọ̀pọ̀ Tecno àti Infinix tí a ń lò nílùú yìí. Driver kan tí wọ́n ń pè ní Command Queue ń gba àṣẹ láti ọwọ́ áàpù nípasẹ̀ ioctl, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Áàpù lásán lè tipa bẹ́ẹ̀ mú kí ẹ̀rọ kà, kó sì kọ, níbi tó bá wù ú nínú mẹ́mórì fóònù. Oṣù kẹta ọdún 2020 ni Google kéde àtúnṣe rẹ̀ fún Android, CVE-2020-0069. Ẹni tó kọ driver yẹn kì í ṣe òpè. Ó gba ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ gbọ́ ni.

Ó yá, jẹ́ ká tún tìrẹ ṣe:

struct ooru_eto e;
if (n != sizeof(e))
    return -EINVAL;
if (copy_from_user(&e, buf, n))
    return -EFAULT;
if (e.iwon < 15 || e.iwon > 40)
    return -EINVAL;

Wo ìlà kẹrin dáadáa. Iye báìtì tí kò rí kó ni copy_from_user máa ń dá padà. Òdo túmọ̀ sí pé ó kó gbogbo rẹ̀. Má ṣe dá nọ́ńbà yẹn padà fún ètò, -EFAULT ni kí o dá padà.

Tún wò ó pé e ni mo yẹ̀ wò, mi ò padà sí buf mọ́. Bí ètò náà bá ní thread méjì, èkejì lè yí ohun tó wà nínú buf padà láàárín ìgbà tí o yẹ̀ ẹ́ wò àti ìgbà tí o lò ó. Ẹni tó ka ẹyin inú kíréètì tán, tó kẹ̀yìn sí i lọ mú owó, tó wá gbé kíréètì láìtún wò ó, kò mọ ohun tó gbé lọ sílé. Kó o sọ́dọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí o yẹ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ wò, òun náà ni kí o sì lò.

Èyí tó máa ń dààmú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ driver jù ni ibi tí wọ́n ti pe copy_from_user. Mẹ́mórì ètò lè má sí nínú RAM lásìkò yẹn. Ó lè ti lọ sí swap. Kernel á dúró títí wọ́n á fi gbé e padà. Nítorí náà o ò gbọdọ̀ pè é nígbà tí o bá di spinlock mú, o ò sì gbọdọ̀ pè é nínú interrupt rárá. Ti interrupt tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ ìwọn-ooru rẹ bá ké sí kernel, ètò tó wà lórí chip lásìkò náà lè má jẹ́ tìrẹ. Àdírẹ́ẹ̀sì kan náà nínú ètò mìíràn, ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà níbẹ̀. Nínú interrupt, kọ ooru tí ẹ̀rọ wọ̀n sínú buffer tí kernel fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí ètò rẹ bá pe read, ìgbà yẹn ni kí o fi copy_to_user gbé e fún un. Kí o tó kọ ohunkóhun sínú struct tí o máa gbé fún un, kọ́kọ́ fi memset nu ún, kí ìdọ̀tí àtijọ́ inú kernel má bá a jáde.

Bí o bá ti tún un ṣe tán, fi "make C=1" kọ́ ọ, pẹ̀lú sparse, irinṣẹ́ tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Rí i pé __user wà lára buf. Níbikíbi tí sparse bá ti kọ "different address spaces", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé memcpy mìíràn lo gbàgbé síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, inú QEMU ni kí o ti dán an wò pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì irọ́, kí o fún write ní NULL àti àdírẹ́ẹ̀sì inú kernel. -EFAULT ló yẹ kó dá padà fún méjèèjì, kí dmesg má sì sọ ohunkóhun. Bó bá sọ̀rọ̀, fi ohun tó sọ ránṣẹ́ sí mi.