Bí Bébà Bá Ní Jẹjẹrẹ Ọmú Ni: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe

Ọ̀pọ̀ obìnrin tí dókítà bá sọ fún pé jẹjẹrẹ ni kókó tó wà lọ́mú wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Etí á di, ara á tutù. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má bínú sí ara yín pé ẹ ò rántí ohun tí wọ́n sọ tẹ̀lé e. Ẹ gba ọjọ́ míì lọ́wọ́ wọn, ẹ lọ sílé, kí ẹ sì mú ẹnì kan dání nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀.

Kí ẹ tó dé ilé, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí ẹ fi wá èsì tó pé kò lè ba nǹkan jẹ́. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà tí èèyàn fi ń ti ọ̀dọ̀ elégbòogi bọ́ sórí òkè àdúrà ló ń ṣekú pani. Ẹ má kánjú gba ohun tí kò yé yín, ẹ má sì sá.

Ẹni tí ẹ máa mú dání

Ẹni tó lè jókòó jẹ́ẹ́ kó sì kọ̀wé ni kẹ́ ẹ wá. Ó lè jẹ́ ọkọ, ó lè jẹ́ àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ ní Dugbe n’Ìbàdàn tó lè tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó lè jẹ́ ọmọ tó ń gbé ní Agbowó. Ẹni tó máa sunkún jù yín lọ kò wúlò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa dúró dè yín nílé. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ìbéèrè síbẹ̀ láti ilé, kí ẹni yẹn máa kọ ìdáhùn. Ẹ kó gbogbo èsì àti rìsíìtì sínú fáìlì kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán wọn. Bébà máa ń sọnù, àtúnyẹ̀wò sì máa ń gbówó.

Bébà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú

Kí ẹ tó gbà kí wọ́n gé ohunkóhun tàbí kí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ẹ rí i pé wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ńlá mú ẹran díẹ̀ nínú kókó náà, tí àwọn onímọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹran ara sì ti kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Fífọwọ́ kàn án kò tó. Síkáànì nìkan kò tó.

Níbi púpọ̀, aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìgò ẹran náà lé lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ síbi àyẹ̀wò. Ẹ fara balẹ̀ níbí gan-an. Formalin ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò náà, omi kan tó ń ta nímú tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́. Omi lásán tàbí omi iyọ̀ máa bà á jẹ́. Kí omi náà bo ẹran mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ wo ara ìgò: ṣé orúkọ yín wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tí wọ́n mú un? Ẹ má gbé e sínú fìríìjì, ẹ má jẹ́ kó sùn sílé, ẹ má gbé e yà ní ọjà Bódìjà kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹran tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lè mú kí bébà gbé irọ́ jáde, irọ́ yẹn ni wọ́n á sì fi yan oògùn fún yín.

Nígbà tí èsì bá jáde, ẹ wá nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí lórí rẹ̀: ER, PR àti HER2. ER àti PR ló ń sọ bóyá jẹjẹrẹ náà ń jẹun lára omi ìsúnniṣe obìnrin, àwọn èyí tó ń darí nǹkan oṣù. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wà níbẹ̀, oògùn oníhóró bíi tamoxifen yóò wúlò, tí wọ́n máa ń lò lójoojúmọ́ fún ọdún 5 ó kéré tán. Ti HER2, nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ. 0 tàbí 1+ túmọ̀ sí pé kò sí. 3+ túmọ̀ sí pé ó wà, abẹ́rẹ́ trastuzumab sì lè ṣiṣẹ́ fún un. Bó bá jẹ́ 2+, ọ̀rọ̀ ò tíì yanjú, àyẹ̀wò míì ṣì kù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo èyí.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá sí, kímò ni olórí oògùn rẹ̀. Irú èyí wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin wa ju láàárín àwọn òyìnbó lọ, ó sì máa ń mú àwọn tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó fi í hàn: láti 1998 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH ti ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ ọmú àwọn obìnrin wa. Nítorí náà, bí ẹ bá rí bébà tó kàn kọ “jẹjẹrẹ ni” láìsí nǹkan mẹ́ta yẹn, kò tíì pé. Ẹ béèrè fún un. Wọ́n máa ń fi ìda bo ẹran náà pa mọ́. Ẹ lè gbà á kẹ́ ẹ gbé e lọ síbòmíràn tí wọ́n ti lè ṣe èyí tó kù, láìjẹ́ pé wọ́n tún gún yín.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa wá ibi tó tàn dé, nípa síkáànì àyà àti ikùn. Ẹ ṣe é kíákíá.

Gígé, kímò, ẹ̀rọ ìtànṣán: èwo ló ṣáájú?

Àwọn kan máa ní bí ọ̀bẹ bá kàn án, á tàn. Irọ́ ni. Ohun tó ń jẹ́ kó tàn ni ìdádúró. Àmọ́ ó ní ìgbà tí kímò fi ń ṣáájú iṣẹ́ abẹ, pàápàá bí kókó náà bá tóbi, kó lè súnkì kí gígé rẹ̀ sì rọrùn. Ẹ bi dókítà pé: “Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ kí eléyìí ṣáájú?” Dókítà tó mọṣẹ́ á ṣàlàyé. Ẹ tún bi í bóyá oníṣẹ́ abẹ, oníkímò àti onítànṣán ti jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yín.

Bí kókó bá kéré, wọ́n lè yọ òun nìkan kí ọmú ṣẹ́ kù. Èyí dára, ṣùgbọ́n ìtànṣán gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: Mọ́ńdè sí Fúráìdè, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó ń gbé ní Challenge tàbí Ring Road lè máa lọ sí UCH kó máa padà. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lásìkò náà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀kan wà ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, l’Ékòó, ní ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA tí wọ́n ṣí ní 2019, ẹ ó sì ní láti wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní lè rí ìtànṣán gbà kò gbọ́dọ̀ yan yíyọ kókó nìkan láìsọ fún dókítà.

Bí ẹ bá ṣì ń wá ọmọ, ẹ sọ ọ́ jáde kí kímò tó bẹ̀rẹ̀, torí kímò lè nípa lórí ọmọ bíbí. Ìtìjú ò sí níbẹ̀.

Owó

Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo iye kímò sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń bọ́ sí. Kéèyàn gba méjì kó sì dá a dúró nítorí owó burú. Ó sàn kẹ́ ẹ jókòó pẹ̀lú ẹbí kẹ́ ẹ mọ ibi tí owó ìkẹyìn máa ti wá. UCH wà lára ilé ìwòsàn mẹ́fà tí ìjọba àpapọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ètò owó ìrànwọ́ fún àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá fínra. Ẹ lọ bá ẹ̀ka tó ń rí sí ìgbáyégbádùn aláìsàn, kẹ́ ẹ béèrè ohun tó wà lásìkò yìí. Bí ẹ bá wà lórí ètò adójútòfò ìlera, ẹ béèrè bákan náà. Ilé oògùn ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ ti ra kímò. Èyí tí ẹnì kan lóun lè bá yín rà ní ẹ̀dínwó léwu.

Nílé

Ẹ gbàdúrà. Ẹ sọ fún pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín pé kó bá yín bẹ Ọlọ́run pé kí ọjọ́ ìtọ́jú má yẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ dá ìtọ́jú dúró, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà, nítorí ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń gbé àgbo àti kímò. Bí àwọn kan bá ní ayé ló ṣe é, tàbí pé irú rẹ̀ ò sí nílẹ̀ wa rí, ẹ sọ fún wọn pé láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní UCH.

Ẹ ra tẹmọ́mítà. Nígbà kímò, bí ara bá gbóná dé 38, ẹ má pè é ní ibà kẹ́ ẹ lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò jà ti lè lọ sílẹ̀, wákàtí díẹ̀ sì lè ṣe pàtàkì. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, bó bá jẹ́ òru, kẹ́ ẹ jí ẹni tó ní mọ́tò.

Àwọn ọmọbìnrin yín àti àwọn tẹ́ ẹ jọ bí ara yín gbọ́dọ̀ gbọ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn aláìsàn 1,136 ní Ìbàdàn, tó jáde ní 2018, bíi 11 nínú 100 ló ní àbùkù àjogúnbá BRCA1 tàbí BRCA2. Ọkùnrin náà lè gbé e, kó sì fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó ti kọjá níbẹ̀, ẹ wá ẹgbẹ́ BRECAN. Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu, tí jẹjẹrẹ ọmú kọ lù tó sì là á já, ló dá a sílẹ̀. Bí ìrora bá pọ̀, ẹ̀ka kan wà ní UCH tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú ìrora rọlẹ̀, kò sì di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá burú tán kẹ́ ẹ tó lọ bá wọn.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún láti ọdún tó kọjá, tẹ́ ẹ gba ilé lọ tẹ́ ò sì padà mọ́: ẹ padà lọ. Ẹ mú bébà àtijọ́ yẹn dání, bó ti wù kó gbó tó. Iṣẹ́ ṣì wà tí wọ́n lè ṣe fún yín.