Ògbólógbòó Kì í Ṣe Àlòkù

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáká nígbà mìíràn, ni ó ń ròyìn àwọn ará Ìlú Ọba kan tí wọ́n ń fi owó àpò ara wọn tẹ ìwé àtìgbàdégbà pẹ́pẹ̀pẹ́, nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ohun tí ó pè ní "kọ̀ǹpútà àlòkù". Etí mi sì kọ ọ̀rọ̀ náà. Àlòkù ni ohun tí a rà nítorí pé ọwọ́ wa kò tó tuntun. Mo rí fìríìjì àlòkù, mo rí táyà àlòkù, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó tẹ ìwé láti fi yin táyà.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni ògbólógbòó, ọmọ bíbí inú gbó. Olójú méjì ni gbó yìí: aṣọ tí ó gbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìnulẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàdo tí ó gbó ni à ń fi pamọ́ fún irúgbìn, obì tí ó gbó ni à ń gbé síwájú àna, bí a bá sì súre fún ọmọ pé kí ó gbó, kí ó tọ́, kò sí ìyá tí yóò bínú pé a fi ọmọ òun wé àkísà. Nínú ògbólógbòó, ojú kejì yìí ni ó borí: ohun tí ọjọ́ lù títí, tí kò fọ́.

Ẹ wo ZX Spectrum, tí iléeṣẹ́ Sinclair ti Cambridge gbé jáde ní 1982: rọ́bà ni bọ́tìnnì rẹ̀, kílóbáìtì 16 tàbí 48 péré ni iyè rẹ̀ gbà, kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbọ́ orin ni a sì fi ń ki eré sí i nínú. Ìwé àwọn olólùfẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ẹ̀dà ṣe, tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín kàn pọ̀ ní agbedeméjì, a máa to àṣẹ sílẹ̀ ní ìlà 10, ìlà 20, ìlà 30, kí òǹkàwé fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ó bá fo kọ́mà kan, làálàá alẹ́ ọjọ́ náà di òtúbáńtẹ́. Commodore, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kógbá sílé ní 1994. Ó ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ìwé àtìgbàdégbà FREEZE64 tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde lórí bébà, nítorí Commodore 64, kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà, nìkan. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ìjàngbọ̀n ibẹ̀ ni pé rédíò kan náà ti fi ògbólógbòó ta olè lọ́rẹ. Ògbólógbòó adigunjalè, ògbólógbòó gbájúẹ̀: lójoojúmọ́ ni ọlọ́pàá ń mú wọn, tí wọ́n sì ń mú ọ̀rọ̀ wa mọ́ wọn lọ sí àhámọ́. Bí mo bá wí lónìí pé ògbólógbòó kọ̀ǹpútà wà nílé mi, aládùúgbò yóò bi mí léèrè ohun tí ó jí. Nítorí náà, bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá pè é ní kọ̀ǹpútà àtijọ́, n ó fajú ro díẹ̀, n ó sì gbà. Ti ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà ni n kò lè bá jà. Ẹni tí ó bá gbé Spectrum dé ibẹ̀, àlòkù ni wọn yóò pè é, ìyẹn bí wọ́n bá gbà láti dá a lóhùn rárá.